Ẹpa: Ijó Orí Òkìtì ní Àríwá Èkìtì àti Ipa Rẹ̀ Láwùjọ

Ìfáárà

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ń kà, abẹ́ iṣẹ́ ọnà gbígbẹ́ ni wọ́n ti máa ń pàdé Ẹpa. Àwòrán ère igi kan ló máa ń wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí ìkòkò tó lójú ńláńlá tó sì la ẹnu sílẹ̀. Òkè rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tó jókòó sórí ẹṣin, tàbí abiyamọ tí ọmọ yí ká. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ orúkọ ère sílẹ̀, á kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, á sì ṣí ojú ewé tó kàn. Bí ó bá di ọjọ́ ìdánwò, ohun tó mọ̀ nípa Ẹpa kò ju ohun tó mọ̀ nípa àga tàbí ọpọ́n ayò lọ.

Àwọn tó ni Ẹpa kò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Lójú ará ìlú tó ń ṣe ọdún Ẹpa, igi tó wà nínú òkùnkùn iyàrá láti ọdún dé ọdún ń sùn ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e lé orí ènìyàn, tí ìlù sọ, tí màrìwò ń mì, ni Ẹpa jáde. Ijó náà sì ní ibì kan tí gbogbo ojú ń wò: fífò tí ẹni tó ru ère gbọ́dọ̀ fò sórí òkìtì ilẹ̀ ní gbangba. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé inú fífò yẹn ni ìtumọ̀ Ẹpa wà, àti pé olùkọ́ tó bá kọ́ni ní ère láìkọ́ni ní ijó ti fi kókó ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí Ẹpa. Carroll (1967) kọ̀wé lórí àwọn agbẹ́gilére àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́. Thompson (1974) fi ojú ijó wo iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà, Ẹpa sì wà lára ohun tó yẹ̀ wò. Ojo (1978) tú àmì àti ìtumọ̀ tó wà lára àwọn ère náà palẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn fi kọ ọ́. Ìyẹn wà lára ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi èdè Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò fi mọ̀ ju àwòrán lọ.

Agbègbè Tí Ẹpa Ti Gbilẹ̀

Àríwá àti ìlà-oòrùn ilẹ̀ Èkìtì ni Ẹpa ti gbilẹ̀ jù. Àwọn ìlú tó yí Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó ká wà nínú agbègbè yìí, ó sì na ọwọ́ dé Mọ̀bà àti Iléjeméje, títí wọ Òpin àti àwọn ìlú Ìgbómìnà tó bá Èkìtì pààlà. Lónìí, Òpin wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, nígbà tí Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Ààlà tó wà láàárín wọn kì í ṣe ààlà àṣà. Àwọn òyìnbó amúnisìn ló fi ya Àríwá Nàìjíríà kúrò lára Gúúsù, ó sì gba àárín àwọn ènìyàn tó ń sọ èdè kan náà, tó ń fẹ́ra wọn, tó sì ń rán iṣẹ́ ère sí ara wọn. Ìdí nìyí tí ìwé kan fi ń pe ìlú Ọ̀sì ní Ọ̀sì-Ìlọrin tí òmíràn sì ń ka àwọn agbẹ́gilére ibẹ̀ mọ́ ọmọ Èkìtì. Òtítọ́ ni ìwé méjèèjì sọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ Ẹpa dáadáa ní láti gbàgbé ààlà ìpínlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Orúkọ ọdún náà kò dọ́gba láti ìlú dé ìlú. Àwọn kan ń pè é ní Ẹpa, àwọn mìíràn ń pè é ní Ẹlẹ́fọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni ìlú kan lè fi orúkọ ère tó gbayì jù níbẹ̀ pe gbogbo ọdún náà. Àkókò rẹ̀ pàápàá yàtọ̀. Ibì kan ń ṣe é lọ́dọọdún, ibòmíràn ń fi ọdún kan fo ọdún kan.

Ọ̀rọ̀ Orísun

Ẹni tó bá béèrè ibi tí Ẹpa ti ṣẹ̀ wá yóò gbọ́ ìtàn púpọ̀, nítorí ìdílé ló ni ère, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló sì ń fi ìtàn bàbá ńlá tirẹ̀ ṣàlàyé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtàn ìdílé kan kò lè pa ti èkejì rẹ́. Síbẹ̀, nǹkan mẹ́ta hàn lára Ẹpa fúnra rẹ̀ tó lè ràn onímọ̀ lọ́wọ́.

Àkọ́kọ́ ni Ògún. Màrìwò ni aṣọ ẹni tó ru ère, màrìwò sì ni aṣọ Ògún. Irin ni wọ́n fi gbẹ́ ère náà, Ògún ló sì ni irin. Kò yẹ kó ya ènìyàn lẹ́nu pé inú ìjọba ìbílẹ̀ Ọyẹ́ ni Ìrè-Èkìtì wà, ìlú tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ mọ́ Ògún Onírè.

Èkejì ni àwọn bàbá ńlá. Ère Ẹpa kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà fẹ́. Ìrántí ẹni tó tẹ ìlú dó ni, tàbí ti ẹni tó gba ìlú sílẹ̀, tàbí ti ìyá tó bímọ tí ìdílé fi di ńlá.

Ẹ̀kẹta ni ogun. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilẹ̀ Èkìtì rí ìyà. Àwọn Tápà ń wá láti àríwá, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ń wá, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn náà ń wá láti ìwọ̀-oòrùn, títí tí Èkìtìparapọ̀ fi dìde tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1870, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886. Ní ilẹ̀ igbó, ẹṣin kì í pẹ́ láyé nítorí kòkòrò tsetse. Ẹni tó bá gun ẹṣin ní Èkìtì nígbà náà, yálà ọ̀tá tó wá láti ọ̀dàn ni tàbí alágbára tó rí owó àti ọ̀nà láti ní irú ẹran bẹ́ẹ̀. Nígbà tí agbẹ́gilére wá fi Jagunjagun sórí ẹṣin lókè ìkòkò Ẹpa, àpẹẹrẹ agbára tí ojú àwọn òbí rẹ̀ rí ló gbé síbẹ̀.

Àwọn kan ti torí èyí sọ pé ogun ló bí Ẹpa. Ọ̀rọ̀ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ogun nìkan ni, kí ni abiyamọ ń ṣe níbẹ̀? Kí ni olóògùn tó di ọ̀pá Ọ̀sanyìn mú ń ṣe níbẹ̀? Kí ni ẹkùn tó gbé ẹran sẹ́nu ń wá? Ohun tó bá ọgbọ́n mu ni láti sọ pé ogun fi àmì tirẹ̀ sára ohun kan tó ní gbòǹgbò nínú ìbọ àwọn bàbá ńlá àti ti Ògún, àti pé nítorí ogun ni ọ̀rọ̀ agbára ọ̀dọ́kùnrin ṣe wá di pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ nínú ijó náà.

Ère àti Àwọn Tó Gbẹ́ Ẹ

Ère Ẹpa ní apá méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ìtì igi kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ ẹ sí. Ìsàlẹ̀ ni ìkòkò, èyí tí orí ènìyàn ń wọ̀. Ojú máa ń wà níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, wọn kì í sì í ṣe é ní ẹwà púpọ̀: ojú rẹ̀ yọ síta, ẹnu rẹ̀ là gbàgà. Ẹnu yìí ni ẹni tó wà nínú rẹ̀ fi ń ríran. Òkè ni ọnà pọ̀ sí. Níbẹ̀ ni Jagunjagun wà pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ àti àwọn ọmọ ogun kéékèèké lẹ́sẹ̀ ẹṣin. Níbẹ̀ ni Ọlọ́mọyọyọ wà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ọmọ níwájú. Níbẹ̀ ni ọba, olóògùn àti ẹranko igbó wà. Àwọn ère kan ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, wọ́n sì wúwo ju kìló 25 lọ.

Ìpele mẹ́rin ni Carroll gbọ́ lẹ́nu àwọn agbẹ́gilére: ọ̀nà lílé, tí wọ́n fi ń fa ìrísí ère jáde lára igi, àlétúnlé, tí wọ́n fi ń ya ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, dídán, tí wọ́n fi ń mú ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, àti fínfín, tí wọ́n fi ọ̀bẹ ṣe irun, ilà àti aṣọ. Lẹ́yìn èyí ni kíkùn. Wọn kì í kùn ún lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sì fi sílẹ̀. Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé ni wọ́n ń fọ ère tí wọ́n sì ń tún un kùn. Efun, osùn àti aró ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kí ọ̀dà inú agolo tó dé ọjà.

Lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni Bámgbóṣé ará Ọ̀sì, ẹni tó kọ́ Aréògún níṣẹ́. Aréògún náà bí Bándélé, tó di agbẹ́gilére bíi bàbá rẹ̀. Bámigbóyè ará Odò-Ọwà náà wà, ẹni tí àwọn ère Ẹpa rẹ̀ kún fún ènìyàn kéékèèké débi pé ó dà bí ẹni pé odindi ìlú ló wà lórí ìkòkò. Bí ènìyàn bá rántí pé ọrùn ọ̀dọ́kùnrin kan ni gbogbo ìlú yẹn yóò wà, ọ̀rọ̀ náà á yé e dáadáa.

Ijó Náà

Kí ọjọ́ tó pé, wọ́n á ti tún ojú agbo ṣe, wọ́n á sì ti mọ òkìtì. Erùpẹ̀ ni òkìtì yìí, kò ga lójú ẹni tó bá dúró ti í lásán. Òkìtì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé orúkọ Èkìtì gan-an ti wá, nítorí òkè tó pọ̀ nílẹ̀ náà. Ó ti wá dà bí ẹni pé wọ́n bu díẹ̀ lára ilẹ̀ olókìtì wá sí àárín agbo kí ọmọ ìlú lè gùn ún lójú gbogbo ènìyàn.

Ìdílé tó ni ère á bọ ọ́. Ọ̀dọ́kùnrin tó máa rù ú á wọ màrìwò tútù láti ọrùn wálẹ̀. Wọn kì í fi aṣọ bò ó bí wọ́n ti ń fi bo ará ọ̀run nínú egúngún. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń hàn síta kedere. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ náà ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ló ń bá a gbé ère náà lé e lórí.

Bí ó bá ti gbé e, ijó tó ń jó kò dà bí èyí tí ojú ti mọ̀ lára bàtá, níbi tí èjìká àti orí ti ń bá ìlù sọ̀rọ̀. Ọrùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró. Bí orí bá yẹ̀ díẹ̀, ìwúwo òkè ère á fa gbogbo ara lọ. Nítorí náà, gbogbo èsì tí ara ní láti fún ìlù, ìbàdí, orúnkún àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń fún un. Lókè, Jagunjagun dúró ṣinṣin bí ọba tó wà lórí ìtẹ́. Nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ ń sáré. Ẹni tó bá ti rí obìnrin tó ru ìkòkò omi bọ̀ láti odò, tó ń sọ̀rọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tí omi kò dà, ti rí ìbẹ̀rẹ̀ ijó Ẹpa. Láti kékeré ni ọmọ Yorùbá ti ń kọ́ bí ẹrù ṣe ń dúró lórí. Ẹpa mú ìmọ̀ ojoojúmọ́ yìí, ó sọ ọ́ di ìdánwò.

Lẹ́yìn náà ni òkìtì kàn. Ìlù á yára, àwọn tó ń tẹ̀ lé e á fún un láàyè. Ihò ẹnu ìkòkò nìkan ló fi ń ríran. Á sáré, á sì fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á balẹ̀ sórí òkìtì. Ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dúró sí láìta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, pẹ̀lú gbogbo ẹrù orí rẹ̀. Bó bá dúró, ariwo ayọ̀ á ta, àwọn obìnrin ìdílé náà á máa ki ère àti ẹni tó rù ú. Wọ́n gbà pé ọdún tó ń bọ̀ á san ìlú. Bó bá ṣubú, tàbí tí ère bá yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, kò sí ẹni tó máa kà á sí àṣìṣe ọmọdé. Àmì búburú ni fún gbogbo ìlú, ètùtù sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Ère kan kọ́ ló ń jáde. Ìdílé kan á jó tirẹ̀, ìdílé mìíràn á gbé tirẹ̀ bọ́ sí agbo. Drewal, Pemberton àti Abíọ́dún (1989) fi yéni pé ipò àti iṣẹ́ láwùjọ ni àwọn ère yìí ń fi hàn: ọdẹ àti jagunjagun, olóògùn, ọba, olórí àwọn obìnrin. Ẹni tó bá jókòó títí tí ère tó kẹ́yìn fi jáde ti rí bí ìlú ṣe dúró láìka ìwé kankan.

Ó dára kí olùkọ́ fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wé e níhìn-ín, nítorí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni àjọ UNESCO mú gbajúmọ̀ lágbàáyé láti ọdún 2001. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fúyẹ́, ó ń gba ẹ̀fẹ̀ àti ìbáwí láyè, ẹwà ijó rẹ̀ sì wà nínú bí ẹsẹ̀ ṣe ń dá ìlù lóhùn. Ẹpa kì í yẹ̀yẹ́ ẹnikẹ́ni. Ohun kan ló ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin: ṣé o lè ru ohun tí àwọn tó bí ọ rù, kí o sì tún fò?

Ipa Ẹpa Láwùjọ

Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ló mú kí Ẹpa jẹ́ ọ̀ràn àwọn ọ̀dọ́. Nígbà ogun, ìlú ní láti mọ ọmọ tó lágbára. Nígbà tí ogun tán, ìlú ṣì ní láti mọ ẹni tí ẹrù kò ní í jábọ́ lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ijó náà fi wà láìka pé Kírìjì ti parí.

Ọ̀rọ̀ abiyamọ náà ṣe pàtàkì. Ère Ọlọ́mọyọyọ ń gba ẹ̀bẹ̀ àti ìdúpẹ́ àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ àti àwọn tó ti rí ọmọ. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí i pé ọkùnrin ló ń ru ère ìyá, pé agbára jagunjagun àti agbára abiyamọ sì ń gun òkìtì kan náà. Ìlú tó ti pàdánù ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ́wọ́ akónilẹ́rú mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ka-èdè Èkìtì ni orin àti oríkì tó ń bá ijó náà rìn. Níbi tí ọdún bá ti dáwọ́ dúró, kì í ṣe ijó nìkan ló lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò lè gbọ́ ní kíláàsì tàbí lórí rédíò náà lọ.

Ọyẹ́, Ìjọ Àgùdà àti Ọwọ́ Àwọn Agbẹ́gilére

Ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ àti ẹ̀sìn Ìsìláàmù dín àwọn olùbọ Ẹpa kù, èyí kò ṣe é bò. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì láàárín ọdún 1947 sí 1954 kò jẹ́ kí ìtàn náà rọrùn. Ibẹ̀ ni àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan, tí Kevin Carroll wà lára wọn, ti dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀. Wọ́n pe Bándélé ọmọ Aréògún wá láti fi ọwọ́ tó fi ń gbẹ́ ère ìbílẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àti ère ìbí Jésù. Àwọn amòye láti ìlà-oòrùn di ọba Yorùbá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Níbẹ̀ náà ni Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, kó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ àti olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ó kú ní ọdún 2009.

Ìyìn tọ́ sí iṣẹ́ Ọyẹ́, nítorí ó jẹ́ kí ọ̀nà gbígbẹ́ yè. Ṣùgbọ́n ère ló yè. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì kì í jó, kò sì sí òkìtì níwájú pẹpẹ.

Ẹpa Lónìí àti Iṣẹ́ Olùkọ́

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ère tó rékọjá òkun. Òfin ọdún 1953 lórí ohun àtijọ́, àti èyí tó tẹ̀ lé e ní ọdún 1979, kò fàyè gba kíkó irú ère bẹ́ẹ̀ jáde ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ, síbẹ̀ Ẹpa wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 sí oṣù Kìíní ọdún 2023, Yunifásítì Yale ṣe àfihàn kan tó jẹ́ ti iṣẹ́ Bámigbóyè nìkan. Iyì ńlá ni fún agbẹ́gilére láti Odò-Ọwà. Ère tó wà nínú gíláàsì kò sì lè ṣubú, nítorí náà kò lè yege.

Nílé, ìṣòro náà gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ọ̀dọ́kùnrin tó yẹ kó ru ère ti lọ sí Èkó tàbí Àbújá. Ìdílé tó ni ère ti pín sí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta àti mọ́ṣáláṣí kan. Ẹni tó mọ orin rẹ̀ ti darúgbó. Olùkọ́ kò lè fi àṣẹ dá ọdún padà, kò sì yẹ kó fi ìbọ lọ ọmọ tí òbí rẹ̀ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ kò kéré, ṣá o. Nínú ẹ̀kọ́ àṣà àti iṣẹ́ ọnà, ó lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé igbá tí wọ́n bu erùpẹ̀ sí lé orí, kí ó jó sí ìlù láìfọwọ́ dì í mú, kí ó sì gun àkàsọ̀ kékeré kan. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kíláàsì náà á ti mọ ohun tí àwòrán kò lè sọ. Ó lè rán wọn lọ bá àwọn àgbà ìdílé wọn ní Ìkọ̀lé, ní Ọyẹ́, ní Ìdó, láti béèrè orúkọ ère, ẹni tó rù ú gbẹ̀yìn, ọdún tó rù ú, àti orin tí wọ́n kọ fún un, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè tí wọ́n gbọ́ ọ gẹ́lẹ́, láìyí i sí Yorùbá àjùmọ̀lò. Fóònù alágbèéká tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lè gba ohùn náà sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò ṣe é sún síwájú, nítorí àwọn tó fi ẹsẹ̀ ara wọn gun òkìtì rí kò kéré lọ́jọ́ orí mọ́.